Kí ni o ní nínú ilé?

Ọjọ́ Ajé, 30 oṣù kẹta ọdún 2020, láago mọ́kànlá alẹ́, ni kónílé-ó-gbélé nítorí àrùn kòrónà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Wọ́n ti ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ pa ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni mí, ọkọ mi sì ń wa dáńfó tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí ọmọ kò bá wá sílé ẹ̀kọ́, owó oṣù kò sí; bí dáńfó kò bá jáde, kò sí owó alẹ́. Ọ̀nà méjèèjì tí oúnjẹ ń gbà wọlé fún àwa márùn-ún ló dí pọ̀. ₦41,500 ló kù lọ́wọ́ wa.

Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró ni mò ń kọ èyí sí, ẹni tó ń wí láàárọ̀ lálẹ́ pé Ọlọ́run yóò pèsè. Òótọ́ ni, yóò pèsè. Ó pèsè fún wa. Ṣùgbọ́n mo fi ọwọ́ ara mi da púpọ̀ nínú ìpèsè náà nù, nítorí mo gbà lọ́kàn mi pé ẹni tó bá ń ka ohun tó wà nílé, tó ń wọ̀n ọ́n, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, kò nígbàgbọ́ tó.

Láàrin ọjọ́ Àìkú tí wọ́n kéde rẹ̀ àti alẹ́ ọjọ́ kejì, ₦18,000 ti kúrò nínú owó náà. Ọjà kún, gbogbo ènìyàn ń sáré, èmi náà ń sáré. Mo ra páálí indomí kan, búrẹ́dì mẹ́ta, mílíìkì, sàdíìnì, àti oògùn ìfọwọ́ tí wọ́n ti sọ owó rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta. Ogójì ẹyọ ló wà nínú páálí indomí kan. Kò pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tó fi tán, nítorí oúnjẹ tí kì í pẹ́ nínú ọmọ ni: wọ́n á jẹ ẹ́ láago mẹ́jọ, ebi á tún ti dé láago mọ́kànlá. Búrẹ́dì kẹta hu kí a tó débẹ̀.

Ohun tó yẹ kí n rà nìyí: gàrí, ẹ̀wà, àgbàdo, epo pupa, iyọ̀, àti kẹrosíìnì tí a ó fi sè é. Gàrí tó gbẹ dáadáa, tí a dà sínú korobá tó ní ìdérí, a máa pẹ́. Èyí tó bá tutù lọ́wọ́ nígbà tí o bá fọwọ́ bọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ sóòrùn kí o tó dì í, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á hu. Ẹ̀wà ni kòkòrò ń yára jẹ. Sá a sóòrùn, fẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ dànù, dà á sínú ike tó ní ìdérí kó kún dé ẹnu, kí o sì fi ata gbígbẹ odindi mẹ́rin tàbí márùn-ún sáàrin rẹ̀. Bí o bá ń ra ẹ̀wà lọ́jà, gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó bá ń rùn bí oògùn apakòkòrò, má fowó rà á bó ti wù kó pọ́n.

Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì wà ní aginjù, òṣùwọ̀n wà fún mánà. Òmérì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, méjì ní ọjọ́ kẹfà. Ẹni tó bá tọ́jú rẹ̀ kọjá bó ti yẹ, ìdin ń jẹ ẹ́. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìtàn yìí láìmọye ìgbà, kò sì sọ sí mi lọ́kàn rí pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló fi òṣùwọ̀n sí ìpèsè rẹ̀. Jésù náà bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkùnrin tán, ó ní kí wọ́n kó àjẹkù jọ kí ohunkóhun má baà ṣòfò. Wọ́n kó o, wọ́n sì kà á: agbọ̀n 12.

Àṣìṣe kejì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo dákẹ́. Ìyàwó pásítọ̀ wa ń pe àwọn ará ìjọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ṣé kò sí ìṣòro o?" Mo ní, "Kò sí rárá, mà. Olúwa ń bẹ fún wa." Ìkòkò tó wà lórí sítóòfù mi nígbà náà, omi ló wà nínú rẹ̀. Ìtìjú ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo fi ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ bò ó.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Nítorí pé n kò fẹ́ kí ènìyàn mọ̀, orí fóònù ni mo ti lọ yáwó, níbi tí mo rò pé kò sí ojú tó ń wò mí. Mo béèrè ₦15,000 lórí áàpù ayánilówó kan. ₦12,300 ló wọlé. Wọ́n ti yọ èlé wọn sílẹ̀ kó tó dé ọwọ́ mi. ₦15,000 ni mo gbọ́dọ̀ dá padà láàrin ọjọ́ 14. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ₦2,700 lórí ₦12,300, ó ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. N kò ṣírò rẹ̀ nígbà náà. Kí wọ́n tó fún mi lówó, áàpù náà béèrè bóyá mo gbà kó wo àwọn nọ́ńbà tó wà lórí fóònù mi. Mo tẹ̀ ẹ́ pé mo gbà. Ibẹ̀ ni mo ti fi ara mi lé wọn lọ́wọ́.

Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni Àjíǹde bọ́ sí, 12 oṣù kẹrin. A ṣe é nílé, ṣọ́ọ̀ṣì wà ní títì. Mo gbọ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run kan lórí fóònù tó ní ẹnikẹ́ni tó bá fi ₦5,000 gbin irúgbìn kí ilẹ̀ tó ṣú yóò rí àyípadà láàrin ọjọ́ méje. Mo fi ránṣẹ́. Nínú owó yíyá náà ni mo ti mú un.

N kò kọ ọ̀rọ̀ lòdì sí ọrẹ. Mo ń san ìdámẹ́wàá títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ ka ìtàn opó Sáréfátì dáadáa. Èlíjà, wòlíì tó ní kó kọ́kọ́ ṣe àkàrà kékeré wá fún òun, ebi ń pa òun náà. Ó wà lẹ́nu ibodè ìlú obìnrin náà, ó mọ̀ pé ìyẹ̀fun ẹ̀kúnwọ́ kan ló kù, ó bá a wọlé, ó jẹ nínú ìkòkò kan náà pẹ̀lú rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ púpọ̀. Ẹni tó gba ₦5,000 mi kò mọ̀ bóyá mo ti jẹun. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o fi owó oúnjẹ ọmọ rẹ gbin irúgbìn, bi í pé ilé ta ni òun yóò ti jẹun lọ́la.

Ọjọ́ karùndínlógún owó yíyá náà pé. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo ń yọ ìdọ̀tí kúrò nínú ìrẹsì ife kan, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí tábìlì. Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ pè. Ó ní àwọn kan fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí òun pé olè ni ìyàwó ọmọ òun. Kí ó tó sọ ọ́ tán, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ń pè. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyàwó pásítọ̀, ẹni tí mo sọ fún pé kò sí ìṣòro. Àwọn ayánilówó náà ti fi orúkọ mi, àwòrán mi àti iye tí mo jẹ ránṣẹ́ sí ó kéré tán ènìyàn ogún. N kò tíì ní ìtìjú bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti délé ayé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ìrẹsì náà sì dà.

(Ní 2022 FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, gbé ìlànà kalẹ̀ pé kí àwọn ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀. Bí ọ̀ràn bá le tó bẹ́ẹ̀ tí o fẹ́ yá a, kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n wà nínú àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Wo iye tí yóò wọlé gan-an, má wo iye tí o béèrè. Èyí tó bá ní òun fẹ́ rí nọ́ńbà àwọn ènìyàn rẹ, pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀.)

Ìyàwó pásítọ̀ kò bá mi wí. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, Àwọn Ọba Kejì orí kẹrin ni kí ẹ kà lálẹ́ òní, ẹ̀yin àti bàbá wọn àti àwọn ọmọ. Ẹ kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́."

Ìtàn opó tí gbèsè fẹ́ gba ọmọ rẹ̀ méjèèjì ni. Ọkọ mi ló kà á. Nígbà tó dé ibi tí Èlíṣà ti bi obìnrin náà pé, "Kí ni o ní nínú ilé?", àkọ́bí wa gbójú sókè, ó ń wo yàrá kiri. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Ọ̀rọ̀ tó tún gún mi ni pé wòlíì náà ní kó lọ tọrọ ìkòkò lọ́wọ́ gbogbo aládùúgbò rẹ̀, kì í ṣe díẹ̀. Òróró náà kò lè pọ̀ sí i láìjẹ́ pé àwọn aládùúgbò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ nílé rẹ̀. Èmi ti tilẹ̀kùn mọ́ àwọn aládùúgbò mi.

Alẹ́ ọjọ́ náà la mú ìwé ìkọ̀wé àkọ́bí wa, a pín in sí ojú ewé mẹ́rin. Ẹni tó bá wà nínú irú ìṣòro yìí, alẹ́ àkọ́kọ́ ni kó ti ṣe é, kó má dúró di ọ̀sẹ̀ kẹta bíi tiwa. Ojú ewé kìíní: ohun tó wà nílé, dé orí iyọ̀, pẹ̀lú òṣùwọ̀n rẹ̀. Èkejì: àwọn tí a jẹ ní gbèsè, iye rẹ̀, ọjọ́ tó yẹ kí a san. Ẹ̀kẹta: àwọn tó jẹ wá. Ẹ̀kẹrin: ohun tí ọwọ́ wa mọ̀ ọ́n ṣe.

Ojú ewé kẹta ló yà wá lẹ́nu. Ọkọ mi ń dá ₦500 lójúmọ́ lọ́dọ̀ alájọ kan ní gáréèjì. Ó ti dá a fún ọjọ́ 23 nínú oṣù kẹta kí iṣẹ́ tó dúró, ó sì ti gbà pé owó náà ti lọ nítorí alájọ ti kúrò ní Èkó. Kò pè é rí láti béèrè. Ó pè é láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Obìnrin náà ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin ni mò ń retí. Mo ti sọ nọ́ńbà yín nù." Ó yọ iye ọjọ́ kan tó jẹ́ ti alájọ, ó fi ₦11,000 ránṣẹ́ kí ó tó di ọ̀sán. Èmi náà pe àwọn òbí mẹ́rin tó jẹ mí ní owó ẹ̀kọ́ àfikún (lẹ́sìn), ₦1,500 lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì san. Gbogbo rẹ̀ la kó fún áàpù náà, nítorí lójoojúmọ́ ni wọ́n ń fi owó ìtanràn kún un. Mo ti ń gbààwẹ̀ kí Ọlọ́run fi owó ránṣẹ́, ₦11,000 sì ti wà níbi kan láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń dúró de ìpè kan ṣoṣo.

Lórí ojú ewé kìíní, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì ló fa korobá jáde lábẹ́ ibùsùn. Àgbàdo kóńgò mẹ́ta. Ìyá mi ló fi ránṣẹ́ láti Ìsẹ́yìn nígbà Kérésì, mo sì ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ojú ewé kẹrin ní mo mọ ògì í ṣe.

Bí mo ti ń ṣe é nìyí. Ṣa òkúta inú àgbàdo, fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, rẹ ẹ́ sínú omi tútù tó bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa, nítorí yóò wú. Ọjọ́ mẹ́ta ni, kí o sì máa pààrọ̀ omi náà láràárọ̀. Àìpààrọ̀ omi ló ń mú kí ògì rùn tí oníbàárà kò fi ní padà wá. Ọjọ́ kẹta, fi èékánná tẹ hóró kan: bó bá fọ́ wẹ́rẹ́, ó ti tó lọ̀. Ibi ìlọta ni ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́. Bó bá jẹ́ ata ni wọ́n lọ̀ kẹ́yìn, ògì rẹ á pọ́n, á sì máa ta ọmọ lẹ́nu. Àárọ̀ kùtù ni mo máa ń lọ kí tèmi lè ṣáájú, mo sì máa ń fi àgbàdo ẹ̀kúnwọ́ kan fọ inú ẹ̀rọ náà, kí n da ìyẹn nù. Lẹ́yìn náà, so asẹ́ aláṣọ mọ́ ẹnu korobá, máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀, kí o máa fi omi sẹ́ ẹ títí omi tó ń jáde yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Èérí tó kù lókè, ẹni tó ń sin ewúrẹ́ á rà á. Jẹ́ kó silẹ̀ di ọjọ́ kejì, rọra da omidùn orí rẹ̀ sílẹ̀, dà á sínú àpò aṣọ kí omi ró dànù, kí o tó dì í sínú ọ̀rá. Bí kò bá sí fíríìjì, má ṣe ró gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan; fi èyí tí o kò tíì tà sílẹ̀ lábẹ́ omi, kí o máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́.

Kóńgò mẹ́ta náà fún wa ní ogún ọ̀rá, ₦100 lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó ìlọ̀ àti owó ọ̀rá jẹ́ ₦400. ₦1,600 tó kù, owó àgbàdo tí a ó rẹ lẹ́yìn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jẹ nínú rẹ̀. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì àwọn ọmọ ń fẹ́ ẹran, ọkàn mi ti fẹ́ mú owó àgbàdo náà. Ọkọ mi ló dì mí lọ́wọ́. Ẹni tó bá jẹ owó ọjà nígbà ìyàn, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ló máa padà sí orí fóònù lọ yáwó.

Ààwẹ̀ Ràmàdáánì bẹ̀rẹ̀ ní 24 oṣù kẹrin, ògì àkọ́kọ́ mi sì dé lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e. Àwọn aláàwẹ̀ ń fẹ́ ògì fún sààrì, wọ́n ń fẹ́ ẹ fún ìṣínu. Ọdún mẹ́fà la ti ń gbé ilé náà, yàrá mẹ́jọ, ilé ìdáná kan. Àlhájà tó kọjú sí yàrá wa ló kọ́kọ́ ra ọ̀rá méjì. Òun ló ta á fún mi dé òpin àdúgbò nítorí ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan nínú ààwẹ̀ náà, ìjọ wa fi ẹ̀wà kóńgò kan ránṣẹ́ sí wa, ní alẹ́, láìya àwòrán. Mo dúpẹ́, mo sì jókòó tì í, nítorí kò sí kẹrosíìnì ẹ̀kán kan nílé. Ẹ̀wà kì í ṣe oúnjẹ tí a lè fi ìtànná ìwé sè. Tẹ́lẹ̀ rí, n kì bá ti sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kan ilẹ̀kùn Àlhájà. Kẹrosíìnì wà lọ́dọ̀ tiwọn, ìgò kan àti ààbọ̀, ṣùgbọ́n gàrí gbẹrẹfu ni wọ́n ti fi ń ṣínu láti ọjọ́ méjì. Ó wò mí, ó wo ẹ̀wà ọwọ́ mi. Ó ní, "Ọmọ mi, rẹ ẹ́ sómi kí o tó sùn, kò ní jẹ kẹrosíìnì púpọ̀." Ọ̀sán ọjọ́ kejì la gbé e kaná. Nígbà tó hó, ó ní kí n pa sítóòfù náà, ó fi aṣọ ìbora àtijọ́ di ìkòkò náà pẹ̀lú ìdérí rẹ̀ fún wákàtí kan, kí a tó tún un gbé kaná. Ó rọ̀ bí ìrẹsì. Nígbà tí wọ́n pe àdúrà ìrọ̀lẹ́, ènìyàn mẹ́sàn-án ló jẹun lára rẹ̀, àwa márùn-ún, tiwọn mẹ́rin.

Ọlọ́run fi ẹ̀wà sí ilé kan, ó fi kẹrosíìnì sí èkejì. Bí ọ̀kan nínú wa bá tilẹ̀kùn, ebi ni ilé méjèèjì ì bá sùn.

Ẹ̀yin tí Ọlọ́run ń rán sí ẹlòmíràn, ẹ rántí ohun tí a ó fi sè é. Kóńgò ẹ̀wà kan pẹ̀lú kẹrosíìnì ìgò kan, epo díẹ̀ àti iyọ̀, ó sàn ju kóńgò mẹ́ta láìsí iná lọ.

Àdúrà mi náà yí padà. Tẹ́lẹ̀, "Olúwa, ṣí ọ̀nà" ni mo máa ń gbà, n kì í sì í mọ̀ bóyá ó ti gbọ́. Mo wá ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé yẹn gẹ́gẹ́ bí ó ti rí: owó ìlọ̀ ₦300, kó tó di Sátidé; oògùn ibà fún Táyé. Mo ń kọ ọjọ́ tí mo béèrè, àti ọjọ́ tó dé. George Müller, ará Jámánì tó tọ́jú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ aláìníyàá àti aláìníbaba ní ìlú Bristol ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kì í yáwó, kì í sì í tọrọ owó lọ́wọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń kọ gbogbo ohun tó wọlé sílẹ̀, ó sì ń tẹ ìṣirò rẹ̀ jáde lọ́dọọdún. Ẹni tí a ń pè ní baba ìgbàgbọ́ nínú ọ̀ràn ìpèsè, ìwé ìṣirò kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí mo kọ síbẹ̀ ló ní ọjọ́ ìdáhùn. Mo béèrè owó oṣù mi ti ilé ẹ̀kọ́, láti oṣù kẹrin títí wọ́n fi ṣí ilé ẹ̀kọ́ padà lápá ìparí ọdún náà. Kò wá. Mo sunkún lórí rẹ̀, mo bínú, mo sọ fún Ọlọ́run pé mo bínú. Àyè náà ṣófo nínú ìwé náà títí di òní.

Ti onílé kù. Owó ilé wa yóò pé ní oṣù kẹfà. Ìyàwó pásítọ̀ ló gbà wá níyànjú pé kí a má dúró kó wá bá wa. A lọ bá bàbá náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, èmi àti ọkọ mi, a kúnlẹ̀, a sọ bí ó ti rí, a sì gbé ₦10,000 kalẹ̀. A ní kí ó fún wa ní oṣù mẹ́rin láti san ìyókù, a kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ wa. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó ní àwa nìkan ni ayálégbé tó wá bá òun, àwọn yòókù ń sá fún òun. Ó gbà. Ní ti àwọn gbèsè kéékèèké, àwọn tí ebi ń pa bíi tiwa la kọ́kọ́ san: ìyá aláta ₦900, oníbúrẹ́dì ₦600. Owó ṣọ́ọ̀bù ńlá tẹ̀lé e. Ẹni tí a kò bá tíì lè san fún, a máa ń lọ kí i, a sì máa ń sọ ọjọ́ tí a ó padà wá.

Dáńfó padà sójú títì ní oṣù karùn-ún, wọn kò sì gbà kó gbé èrò kún, nítorí náà owó tí ọkọ mi ń mú wálé kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Ògì ló gbé wa já. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n n kò fi í sílẹ̀. Kóńgò mẹ́ta ni mo ń rẹ lọ́sẹ̀, bí ààwẹ̀ bá sì dé, mo máa ń rẹ márùn-ún. Ọ̀rá méjì àkọ́kọ́ tó bá jáde kì í dé orí àtẹ. Ó di kí n gbé e lọ kan ilẹ̀kùn iwájú, kí Àlhájà gbé e kaná fún sààrì.